Bí Àlejò Ti Lè Mọ Ọ̀nà Ọkọ̀ Ní Ìlú Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè ní Ọ̀ṣòdì, mo sì ṣìnà.

A rán mi níṣẹ́ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà CMS ní ìlú Èkó. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó gbé mi wá láti òkè, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó, tí ó ń ké tantan pé, “CMS! CMS! Ó ku ẹnì kan!” Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ yìí dé CMS?” Ó ní ó dé ibẹ̀ tààrà. Mo wọlé, mo jókòó, mo sì gbé àpò mi lé orí itan pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọkọ̀ náà gba Anthony, ó gba Gbàgádà, ó kọjá ní Ìyànà Ọ̀wọ̀rọ̀, ó sì gun orí afárá gígùn nì tí ó wà lórí ọ̀sà. Kò sì dúró mọ́ títí ó fi gbé wa dé etí Marina ní Erékùṣù Èkó. Níbẹ̀ ni mo ti béèrè ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ìyá kan tí ń ta omi tútù, ìyá náà sì wò mí tàánútàánú. Ó ní, “Ọmọ mi, Bàrígà ni wọ́n wà.” Òótọ́ ni ó sọ. Lórí Erékùṣù ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1859, ṣùgbọ́n ó ti kó lọ sí Bàrígà láti 1959. Bàrígà yìí kan náà sì ni etí ọ̀sà tí mo ń wò ní ọwọ́ ọ̀tún mi bí ọkọ̀ ti ń sáré lórí afárá, tí mo ń wí nínú ara mi pé ìlú náà tóbi púpọ̀. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni a ń retí mi; ó ku díẹ̀ kí agogo méjìlá lù nígbà tí mo dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ̀bi. CMS ni mo béèrè, CMS ni ó sì gbé mi lọ. Èmi ni n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n béèrè.

Mo ròyìn ìtìjú mi fún yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí Èkó láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sì í rán olùkọ́ tuntun sí ẹnu-ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ogójì ọmọ ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó la ẹnu bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀ràn mìíràn tí ó burú ju ìtìjú lọ sì wà nínú ọkọ̀ Èkó, tí èmi yóò mẹ́nu kàn ní ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni ni pé, kò ha sí máàpù? Máàpù ń bẹ. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní tiwọn. Ti Google wà nínú fóònù gbogbo wa. OpenStreetMap sì wà pẹ̀lú, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Ó ṣeé ṣe láti kó wọn sínú fóònù kí a tó kúrò ní ilé, kí a lè máa wò wọ́n ní ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Ìbá ṣe pé mo wo ọ̀kan nínú wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, èmi ìbá ti rí i pé Bàrígà kò sí lórí Erékùṣù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí máàpù ilẹ̀ kì í sọ. Kì í sọ ọkọ̀ tí ń lọ, ibi tí yóò dúró, àti ibi tí a ó ti sọ̀ kalẹ̀ kí a tó wọ òmíràn. Láti 2020 ni Google ti ń fi ọ̀nà àwọn dáńfó Èkó hàn pẹ̀lú, ó sì wúlò, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ṣùgbọ́n awakọ̀ dáńfó kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ fóònù. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá pọ̀ ní iwájú rẹ̀, yóò yà gba ẹ̀yìn ilé onílé. Bí èrò kò bá sì pọ̀ tó, yóò yí orí padà ní àárín ọ̀nà, yóò sì kó àwọn tí ó kù lé ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Peckham ní ìlú London a máa ròyìn fún wa pé ti ọ̀dọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tí ó ń lọ wà ní iwájú orí rẹ̀. Òpó ń bẹ ní ibi tí ó ń dúró, orúkọ ibẹ̀ sì wà lára òpó náà, àti nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tí ń dúró níbẹ̀. Láti 2014 ni ọkọ̀ wọn kò ti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. Káàdì nìkan ni. Ènìyàn lè wọ ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ níbẹ̀ láì la ẹnu sí ẹnikẹ́ni. Ìwé ni ń sọ̀rọ̀ ní London. Ní Èkó, ẹnu ni. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí: máàpù ọkọ̀ Èkó wà, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn ni ó wà, ó sì wà nínú orúkọ àwọn ibùdókọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń gbọ́ orúkọ àti bí a ti ń béèrè. (Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, kí ó rántí pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀. Àwa ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Bí ó bá dúró ní ìhà tí ó ti mọ́ ọn lára, ọkọ̀ yóò gbé e padà sí ibi tí ó ti ń bọ̀.)

Kí a tó sọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí a wo bí ilẹ̀ ti tẹ́. Erékùṣù ń bẹ, òkè-odò sì ń bẹ, afárá mẹ́ta ni ó so wọ́n pọ̀. Afárá Carter ni àgbà nínú wọn, láti 1901. Afárá Èkó ni ó tẹ̀lé e, tí a parí ní 1975. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó gbé mi ṣìnà, tí a ṣí ní 1990, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Láti ẹsẹ̀ àwọn afárá wọ̀nyí ni àwọn ọ̀nà ńlá ti tàn ká bí ìka ọwọ́. Ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí àríwá gba Ọ̀jọ́ta, Kétu àti Mile 12. Ọ̀nà Agége gba Múṣin àti Ọ̀ṣòdì lọ sí ìhà Ìkẹjà. Ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí ìwọ̀-oòrùn gba Mile 2. Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ni ó lọ sí ìlà-oòrùn láti ìhà Erékùṣù. Ọ̀ṣòdì ni oríta tí ọ̀nà Agége ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Àpápá wá. Nítorí náà ni ó fi dàbí pé gbogbo ọkọ̀ Èkó ń lọ sí Ọ̀ṣòdì tàbí wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ̀. Láti 2019 ni gáréèjì ńláńlá mẹ́ta ti wà níbẹ̀, tí a kọ́ ní ilé alájà, tí ó sì mọ́ tónítóní ju Ọ̀ṣòdì tí àwọn òbí wa mọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ya ìlà mẹ́rin yìí àti afárá mẹ́ta sórí tákàdá kékeré kan, tí ó sì fi sínú àpò àyà rẹ̀, kò lè sọnù pátápátá mọ́.

Ó wá ku orúkọ. Níhìn-ín ni a ti ní ànfààní ju àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá, bí a bá lè tẹ́ etí sílẹ̀. Èwo nínú wa ni kò mọ ohun tí ìyànà jẹ́? Ibi tí ọ̀nà ti yà ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, tí ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ó ń wá Ìpájà. Ìpájà kò sí níbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Abẹ́òkúta ni, ọkọ̀ mìíràn ni yóò sì gbé e wọ inú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyànà Ìbà ní ọ̀nà Àgbádárìgì, Ìyànà Ìṣọlọ̀ ní ọ̀nà Àpápá, àti Ìyànà Ọ̀wọ̀rọ̀ tí mo kọjá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ “ìyànà”, kí ó ti mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ni òun yóò wọ̀, kí ó sì múra owó méjì sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ “ìdí”, igi ńlá kan ti dúró níbẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ pé a ti gé e lulẹ̀: Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà, àti Ìdí-Ìrókò. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, nítorí Ìdí-Ìrókò ti ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́bàá Maryland, kì í ṣe Ìdí-Ìrókò tí ó wà ní ẹnu ààlà ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Benin. Ọ̀kan, a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti Maryland. Èkejì, kọ́sítọ́ọ̀mù ni yóò pàdé yín.

Àwọn nọ́ńbà pàápàá a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò wí pé láti Mile 2 dé Mile 12, máìlì mẹ́wàá ni, àti pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mile 2 wà ní ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀nà Àgbádárìgì, Mile 12 sì wà ní ọ̀nà Ìkòròdú níbi ọjà ńlá tí a ti ń ta ata àti tòmátì. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn wà. Berger pẹ̀lú jẹ́ méjì: ọ̀kan ní Ojodú, níbi tí ọkọ̀ tí ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti ń wọ ìlú, èkejì ní ìhà Àpápá. Ilé-iṣẹ́ Julius Berger, tí ó gba iṣẹ́ Afárá Èkó ní 1965, ni ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. CMS tí ó gbé mi ṣubú ńkọ́? Ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society ni, tí ilé ìtàwé rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀. Ìhà kan ni ilé ìtàwé fi orúkọ náà sí, ilé-ẹ̀kọ́ sì gbé e lọ sí ìhà kejì ọ̀sà. Ó dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́ tí àwọn agbèrò ń fi gbogbo ẹnu pe orúkọ àwọn míṣọ́nnárì láti kùtùkùtù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ohun kan sì tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé mọ̀. Orúkọ tí ìjọba kọ sára pátákó àti orúkọ tí ó wà ní ẹnu ènìyàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀nà ńlá tí ó gba Sùúrùlérè kọjá, Funsho Williams ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé; ṣùgbọ́n ẹ béèrè Western Avenue lọ́wọ́ kọ̀ǹdọ́ ni yóò tó dá yín lóhùn kíá. Ní 2025, àwọn aláṣẹ ìjọba àdúgbò ní Bàrígà kéde pé a ti yí orúkọ ibùdókọ̀ tí a ń pè ní Charly Boy padà sí ti olórin mìíràn tí ó jẹ́ ọmọ àdúgbò náà. Pátákó lè yí padà ní ọjọ́ kan. Ẹnu kì í tètè yí. Nítorí náà bí a bá kọ àdírẹ́sì fún yín nínú lẹ́tà, ẹ kọ ìwé padà kí ẹ béèrè pé, “Kí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe ibẹ̀?” Ìbéèrè yìí nìkan ìbá ti gbà mí sílẹ̀.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ ìbéèrè. A kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni pé ìbéèrè tí ọmọ lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” dáhùn kì í fi ohun tí ó mọ̀ hàn. Nínú ìwé ìkọ́ni ni mo fi ẹ̀kọ́ yìí sí, n kò mú un dé Ọ̀ṣòdì. Mo bi kọ̀ǹdọ́ pé, “Ṣé ọkọ̀ yìí dé CMS?” Kí ni ẹni tí ń wá èrò yóò wí bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, “Ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà?” nítorí ibi kan náà ni ọkọ̀ méjì lè máa lọ kí ọ̀nà wọn má sì pàdé. Ọkọ̀ tí ó gba orí afárá gígùn lọ sí CMS kò ní í dé Yábàá láéláé. Èyí tí ó gba Ojúẹlẹ́gba kò ní í rí ọ̀sà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹni tí ń lọ sí òpin ọ̀nà lè wọ èyíkéyìí. Ẹni tí ibi tí ó ń lọ wà ní àárín ni ó gbọ́dọ̀ bèèrè ọ̀nà.

Ta ni kí a sì bi? Kì í ṣe kọ̀ǹdọ́ ni kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, nítorí ó ní ohun tí ó ń tà. Kì í ṣe ẹni tí ó dúró pẹ̀lú báàgì bí tiwa, nítorí ó lè jẹ́ àlejò bí tiwa, ìtìjú kò sì ní í jẹ́ kí ó sọ. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ń sun àgbàdo tàbí tí ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀. Ó ti jókòó níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, gbogbo ọkọ̀ ni ó ń kọjá ní iwájú rẹ̀, kò sì sí èrè fún un nínú pé kí ẹ ṣìnà. Ẹ kí i ní àkọ́kọ́: “Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ kú ọjà.” Ẹni tí ó bá ké lu ìyá ọlọ́jà láì kí i, bí ó bá rí ìdáhùn, ìdajì ni yóò rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ọjà. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe a máa tún orúkọ ṣe. Ìbá ṣe pé mo wí fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì pé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń lọ, òun ìbá ti sọ̀rọ̀ Bàrígà fún mi ní ojú kan náà. Ẹ sì béèrè orúkọ ibùdókọ̀ tí ó ṣáájú tiyín, kì í ṣe tiyín nìkan, kí ẹ lè dìde ní àkókò. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ẹlòmíràn ní ohun kan náà. Bí ẹnu wọn bá kò, ẹ lè wọkọ̀.

Nípa inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó wọlé, nítorí òjò, ọjọ́ àjọ̀dún àti ìrọ̀lẹ́ a máa yí i padà. Ẹ mú owó kéékèèké lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá na owó ńlá sí kọ̀ǹdọ́ yóò gbọ́ èébú, tàbí kí kọ̀ǹdọ́ fi owó kan ṣoṣo lé òun àti èrò mìíràn lọ́wọ́ pé kí àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ papọ̀ lọ pín in. Mo ti tẹ̀lé obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nítorí ṣéńjì báyìí, ọ̀rẹ́ ni a sì fi túká. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé, ẹ pe orúkọ ibẹ̀ sókè: “Onípáànù wà o!” Ẹ má ṣe pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ilé-ìsìn, ẹ̀rọ ọkọ̀ náà kì í gbọ́ pẹ̀lẹ́. Fóònù kò sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ní ẹ̀bá fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tí ó fẹ́ wo máàpù, kí ó ti wò ó kí ó tó wọlé.

Ọ̀ràn tí mo ní ó burú ju ìtìjú lọ nìyí. Àwọn olè kan ń bẹ tí ń wa ọkọ̀ bí ọlọ́kọ̀ tòótọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì jókòó nínú rẹ̀ bí èrò. “One chance” ni Èkó ń pè wọ́n, láti inú igbe àwọn kọ̀ǹdọ́ pé àyè ẹnì kan ni ó kù. Àlejò tí ó ń yára ni wọ́n ń wá, ẹni tí ojú rẹ̀ ń fi hàn pé kò mọ ibi tí ó wà. Nígbà tí mo rántí pé igbe yìí gan-an ni ó fà mí wọ ọkọ̀ ní Ọ̀ṣòdì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé CMS nìkan ni mo ṣìnà lọ. Ẹ wọkọ̀ nínú gáréèjì tàbí ní ibùdókọ̀ tí èrò pọ̀ sí. Ẹ má ṣe wọ èyí tí ó bá dúró fún yín nìkan ní ibi tí ó dá. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó kan yín lójú kọjá lọ. Ìdí kan nìyí tí mo fi ní kí a mọ ọ̀nà kí a tó jáde: ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ kì í rìn bí ẹni tí ń bẹ ẹnikẹ́ni.

Fún ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ọ̀nà tí ó rọrùn jù wà. Láti oṣù kẹta 2008 ni ọkọ̀ ńlá BRT ti ń rin ọ̀nà tí a fi sílẹ̀ fún un nìkan, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ní 2015 ó dé Ìkòròdú, ní 2020 a sì ṣí ti Ọ̀ṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ibi ìdúró rẹ̀ kì í yí padà, orúkọ ibẹ̀ sì wà lára ògiri. Ọkọ̀ ojú irin náà ti dé: láti oṣù kẹsàn-án 2023, ibùdó márùn-ún láti Marina dé Mile 2, láti oṣù kẹwàá 2024, láti Agbádò dé Òyìngbò. Káàdì kan náà ni a ń lò fún wọn, Cowry ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe owó ẹyọ àwọn baba wa, inú mi sì dùn sí ẹni tí ó ronú kan orúkọ náà. Ẹ ra káàdì náà ní ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó tó. Ọ̀nà ńlá ni àwọn wọ̀nyí ń gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó rán wa lọ sì sábà wà nínú àdúgbò, níbi tí ó jẹ́ pé dáńfó, kòròpé tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbé wa parí ìrìn.

Ní ìlú Nairobi ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ọ̀ràn ọkọ̀ wọn rí bí tiwa. Matatu ni wọ́n ń pe dáńfó tiwọn, kò sì sí máàpù rẹ̀ níbì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé láti Amẹ́ríkà, wọ àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń fi àmì sí ibi gbogbo tí ọkọ̀ bá ti dúró. Ní 2014 wọ́n tẹ máàpù kan jáde tí ọ̀nà inú rẹ̀ lé ní 130. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni àwa náà bí?

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti Èkó. Kò rí bí ti àwọn awọnlẹ̀, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Harry Beck tí ó ya máàpù ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London, èyí tí a tẹ̀ ní 1933, kò ka jíjìnnà ibì kan sí ibì kejì sí. Ètò bí ibùdó ti tẹ̀lé ara wọn àti ibi tí ọ̀nà ti pàdé ni ó fi hàn, ìyẹn sì ni ohun tí èrò ọkọ̀ nílò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tèmi: ìlà gbọọrọ fún ọ̀nà Ìkòròdú, pẹ̀lú Fádèyí, Onípáànù, Palmgrove, Ọbánikòró, Anthony, Maryland, Ọ̀jọ́ta, Kétu, àti Mile 12 bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, yẹ́lò fún dáńfó, àwọ̀ aró fún BRT, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ ọn. Mo fi ìnkì pupa kọ CMS sí ibi méjì.

Tákàdá náà wà lára ògiri yàrá ìkàwé wa, ní ọwọ́ òsì bí a bá ti wọlé. Ọ̀nà Lẹ́kkí kò tíì pé, n kò sì tíì fi ẹsẹ̀ mi kọjá Ìyànà Ìbà ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ ọmọ ìhà ibẹ̀, tàbí ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ dé lẹ́yìn ìsinmi, kí ó jọ̀wọ́ kọ ohun tí ó mọ̀ sí i. Mo ti fi okùn so pẹ́ńsù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.